Ilé Tó Gba Atẹ́gùn Tí Kò Gba Obì

Ìbídùnní ti sin ọkọ, ó ti sin àbúrò, ṣùgbọ́n òwò obì ló nu omijé rẹ̀ nù. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ń ra gbànja lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìdóṣùn, tó ń fi ewé gbòdògí wé e, tó ń kó o sínú ilé alámọ̀ ẹ̀yìn ọjà títí àwọn oníbàárà Òkè Ọya á fi dé. Ilé náà ṣókùnkùn, fèrèsé rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án á rò pé inú ìkòkò lòun wọ̀.

Nígbà tí òrùlé rẹ̀ jìn, ìgbìmọ̀ ọjà tó ni ilé náà pe Bámgbàlà, ayàwòrán ilé, láti Ìbàdàn. Ọmọ dáadáa ni, kì í rí àgbà fín. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, ó tan àwòrán ilé tuntun sára ògiri, ó ń yí i bí ẹni ń yí àkàrà nínú epo. Ó ní kí wọ́n tó mọ bíríkì kan, òun ti kọ́ ilé náà tán sínú ẹ̀rọ. Ó fi bí oòrùn á ṣe máa rìn lórí rẹ̀ hàn wọ́n. Ó fi atẹ́gùn pàápàá hàn wọ́n: ó rí bí okùn aláwọ̀ búlúù, ó ń gba fèrèsé ńlá kan wọlé, ó ń gba òmíràn jáde.

"Amọ̀ ìlú yín la máa lò," ó wí. "Ẹ ò ní wá jẹnẹrétọ̀, ẹ ò ní wá fáànù. Atẹ́gùn Ọlọ́run á tó yín lò."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìbídùnní dìde.

"Ọmọ mi, obì dà nínú ilé yẹn?"

"Ìyá, tá a bá kọ́ ọ tán lẹ máa kó ẹrù sí i."

"Mo mọ̀. Ta lo bi léèrè nípa ẹrù náà?"

Olóyè Ṣójọbí, alága ìgbìmọ̀, dá a lóhùn. "Ìyá Olóbì, ẹ jókòó. Ẹ̀rọ tó rí atẹ́gùn, ṣé obì yín ni kò ní rí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùnní jókòó, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kúrò létí rẹ̀.

Wọ́n wó ilé alámọ̀, wọ́n kọ́ tuntun. Ó tutù lóòótọ́, àwọn èèyàn ń wá ya fọ́tò níbẹ̀. Nígbà tí kò síbòmíràn mọ́, Ìbídùnní kó gbogbo obì ọdún náà sí i, ogójì agbọ̀n. Ọyẹ́ dé. Ó gba fèrèsé ńlá wọlé, ó gba òmíràn jáde, bí kọ̀ǹpútà ṣe wí gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ìbídùnní tú agbọ̀n kan wò. Obì ti hunjọ. Ó tú ìkejì, ó tú ìkẹta. Bákan náà ni.

Ọjọ́ tí wọ́n pe Bámgbàlà padà wá gba oríyìn ni Ìbídùnní ru agbọ̀n kan wọlé, ó da á sórí tábìlì, obì yí ká orí kọ̀ǹpútà.

"Èèyàn ló ń fẹ́ atẹ́gùn," ó wí. "Obì kì í fẹ́ ẹ. Atẹ́gùn Ọlọ́run yín ti fa omi ara rẹ̀ mu tán. Ọmọ ọdún méje ní Ìdóṣùn ì bá sọ fún yín, ẹ ò bi í. Èmi tí mo sọ̀rọ̀, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in báyìí."

Bámgbàlà mú obì kan, ó gé e jẹ. Bí igi ni. Ó nu kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún tan àwòrán ilé náà sára ògiri, ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ jókòó tì mí. Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?"

"Pa fèrèsé yẹn. Ìyẹn náà. Èyí, dín in kù sí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Jẹ́ kí ògiri yẹn nípọn sí i. Sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ńkọ́? Hú u, ká lè máa wọ́n omi sílẹ̀."

Bó ṣe ń sọ ni okùn búlúù ń kú lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Olóyè Ṣójọbí tẹjú mọ́ àwòrán náà títí.

"Ṣé kì í ṣe ilé tá a wó nìyí?"

Ìbídùnní ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa obì rẹ̀ tó já bọ́ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà Ìdóṣùn ti ń pa á lówe pé: Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.