Adéyanjú Tó Dìde Lórí Ẹyin

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi gbéra, ó rékọjá òkun, ó bà sí erékùṣù olókùúta kan níbi tí òtútù ti ń mú gan-an."

"Màmá Àgbà, ta ló bá níbẹ̀?"

Pẹ́ńgúìnì ni, ẹyẹ tí kì í fò, tó ń wẹ̀ lódò bí ẹja. Ìran tó wà níbẹ̀ ò pọ̀ rárá. Ìyẹ́ àwọ̀ ìyeyè ló hù lókè ojú wọn bí adé.

Ní ìgbà kan rí, Adéyanjú wà nínú wọn pẹ̀lú Omíyalé ìyàwó rẹ̀. Omíyalé yé ẹyin méjì bí ìṣe wọn. Àkọ́kọ́ kéré, kò yè. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Èkejì tóbi. Òun nìkan ni ìrètí wọn lọ́dún náà.

Omíyalé ń lọ wá oúnjẹ lókun. Ó ní, "Olówó orí mi, ó kàn yín láti sàba. Bí ebi bá pa yín, ẹ má dìde. Bí òjò bá pa yín, ẹ má dìde."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni? Máa lọ."

Ebi dé. Ogún ọjọ́, kò jẹun.

"Ó dìde bí?"

Kò dìde. Òjò dé, yìnyín tẹ̀lé e.

"Ó dìde bí?"

Kò dìde.

Ìgbà náà ni Ajẹyin dé, ẹyẹ ńlá tó ń jẹ ẹyin ẹlẹ́yin. Kò jà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí! Àárín àpáta ni ẹ fi irú adé yìí pamọ́ sí? Àwọn ará etí òkun ní ti aládùúgbò yín gùn jù ú lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo ní irọ́ ni. Ẹ kàn yọjú sí wọn."

"Màmá Àgbà, kò dìde, àbí?"

Àyọ̀ká ọmọ mi, ó dìde. Ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló gbé. Ó mi orí sọ́tùn-ún, ó mi í sósì. Nígbà tó yíjú padà, èèpo ẹyin ló bá.

"Yéè!"

Omíyalé dé, oúnjẹ ọmọ kún inú rẹ̀. Ó bá ọkọ rẹ̀ tó jókòó bí ẹni tó ń sàba, àmọ́ òkúta lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Olówó orí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ dìde wàyí, kí n rí ọmọ mi."

Adéyanjú kò dìde.

"Ẹ dìde."

Kò lè dìde.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó fara da ebi, ó fara da òjò. Ìyìn ẹnu lásán ni kò lè fara dà. Ohun tí wọ́n bá fi sí ìkáwọ́ yín, ẹ má fi í sílẹ̀ nítorí kí ayé lè rí yín.

Ibi tí àlọ́ mi fi ẹsẹ̀ tì rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ohùn mi há.

"Kò ní há o, Màmá Àgbà."