Òkété Oníròyìn Ọjà Méjì

Àlọ́ mi gbéra nílé, kò yà síbì kan, ó balẹ̀ gbì sẹ́nu ihò Òkété.

Ẹ̀wà ni Òkété fẹ́ràn láyé. Ó fẹ́ràn ẹ̀wà ju bàbá tó bí i lọ. Iṣẹ́ oko nìkan ni kò fẹ́ gbọ́: ó ní ọkọ́ máa ń fojú burúkú wo òun.

Ìlú méjì ló yí i ká. Ní Òkè, Erin ló ń gbin ẹ̀wà. Ní Odò, Ẹkùn ni olórí àwọn tó ń rà á. Ọ̀nà jìn láàárín wọn, ẹnu Òkété tó ń ná ọjà méjèèjì ni wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn ara wọn.

Lọ́jọ́ kan ó dé Òkè, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá Erin, ọjà ẹ̀wà ti kú ní Odò. Ó pọ̀ débi pé wọ́n fi ń dí kòtò ojú ọ̀nà."

Inú Erin bàjẹ́. "Kí ni mo wá fẹ́ fi tèmi ṣe?"

"Ẹ jẹ́ n bá yín kó o. Àánú yín ló ń ṣe mí."

Owó tó fi ra ẹ̀wà náà kò tó ra iyọ̀ ọbẹ̀. Bó ṣe dé Odò, ó káwọ́ lérí. Ẹ má bi mí bóyá ó sunkún. Òkété kì í ní omijé lọ́jọ́ ọjà.

"Bàbá Ẹkùn, eṣú ti bo Òkè. Wọ́n jẹ ẹ̀wà, wọ́n jẹ ewé, díẹ̀ ló kù kí wọ́n jẹ etí Erin."

Ni ẹ̀wà bá di ọ̀wọ́n gógó. Òkété ń ta ẹ̀kúnwọ́ kan ní owó ewúrẹ́. Èyí tó kù, ó ń kó o pamọ́ sínú ihò rẹ̀ lábẹ́ igi àràbà tó wà ní agbedeméjì ọ̀nà, kó lè tún wọ́n sí i. Ó kó o, ó kó o, kò tilẹ̀ rántí ibi tí òun fúnra rẹ̀ máa sùn.

Kò pẹ́, ìyàwó Ẹkùn bí ìbejì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìbejì kì í wáyé kí wọ́n má se ẹ̀wà fún tẹrútọmọ. Ẹkùn náwó títí, èyí tó rí rà kò bo ìdí ìkòkò. Ojú tì í gan-an. Ṣùgbọ́n ó ronú pé bí òun tó ń rà á bá ń jìyà báyìí, ẹni tí eṣú jẹ oko rẹ̀ ńkọ́? Ó mú iṣu díẹ̀, ó kọrí sí Òkè láti lọ kí Erin.

Erin náà ti gbọ́ ìròyìn ọmọ, ó ti ń bọ̀ wá kí Ẹkùn. Abẹ́ àràbà ni wọ́n ti pàdé.

"Bàbá Erin, ẹ kú àdánù eṣú."

"Eṣú wo? Ẹ kú ewu ọmọ. Ọlọ́run ṣe é, ìbejì dé lásìkò tí ẹ ń fi ẹ̀wà dí kòtò."

"Kòtò wo?"

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wá jọ rọra yíjú sí ihò Òkété.

Òkété wà lẹ́yìn igi, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó fò, ó forí lé ihò. Orí wọlé, èjìká wọlé, ẹ̀wà ní àyè ti tán. Ìdí rẹ̀ ṣẹ́ kù síta, ó ń gbọ̀n.

Ẹkùn di ìrù rẹ̀ mú. "Òkété, ẹ kú àdánù o."

Ó fà á títí awọ ìrù náà fi bó. Erin hú ihò náà, ẹ̀wà tú síta, wọ́n rù ú lọ sí Odò, wọ́n sè é. Ará Òkè jẹ, ará Odò jẹ, àwọn ìbejì gba tiwọn. Òkété ni wọ́n fi sídìí iná kó máa fẹ́ ẹ, kò sì fi hóró kan kan ẹnu.

Láti ìgbà náà, Erin àti Ẹkùn ló ń kíra wọn fúnra wọn. Ẹni tó bá ń ta irọ́ lọ́jà méjì, kó máa gbàdúrà kí àwọn ọlọ́jà má pàdé.

Ẹni tó bá sì ní mo parọ́, kó lọ wo ìrù òkété: ìdajì rẹ̀ ṣì funfun dòní.