Ẹní Dúrójayé Lórí Ààtàn

Gbogbo ọmọ tí Àwẹ̀ró bí ṣáájú Dúrójayé ni ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ìrìn. Nígbà tí èyí dé, wọn ò wá orúkọ jìnnà: wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, kó jayé. Ó sì dúró lóòótọ́. Ó dàgbà ní agbo ilé Látúndé ní ìlú Àgbẹ̀nlà, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìbídùn, tẹ̀lé e, ìyá wọn wá ń rí oorun sùn. Àfi bó ṣe jẹ́ pé ọmọ tí a bẹ̀ pé kó dúró yìí gan-an ni ìfẹ́ àtilọ wọ̀ lórí. Ẹ ò rí ayé bí?

Kúndúrà ló fẹ́ lọ. Téèyàn bá kọjá odò ńlá, tí igbó parí, tí ọ̀dàn náà parí, tí ilẹ̀ wá di kìkì iyanrìn, ibẹ̀ ni Kúndúrà wà. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan síbẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, tó fi jẹ́ pé èdè tí wọ́n ń sọ lágbàlá rẹ̀ kò lóǹkà. Wọ́n ń kọ́ni níwèé, wọ́n ń kọ́ni bí a ṣe ń fi ìràwọ̀ mọ̀nà, wọ́n sì ń kọ́ni bí a ṣe ń to eegun tó dá. Ti eegun yìí ni Dúrójayé ń wá. Orí ọ̀pẹ ni bàbá rẹ̀ ti já, itan rẹ̀ dá, ẹni tó tò ó kò tò ó bó ṣe yẹ, egbò kẹ̀, ọkùnrin náà jẹ̀rora títí ó fi kú. Ọmọ kékeré ni Dúrójayé nígbà náà, ṣùgbọ́n igbe yẹn kò kúrò létí rẹ̀.

Kò ṣe é ní ìwàǹwára o, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń palẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ Ṣàlàkọ́, alájàpá tó máa ń kó obì lọ sí ìhà ibẹ̀, ló ti ń kọ́ èdè wọn díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun hun kíjìpá tó nípọn, nítorí òtútù òru ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa. Ó sá èlùbọ́, ó yan ẹran gbẹ, ó ní kí wọ́n rán sálúbàtà méjì fún òun. Gbogbo ohun tí Ṣàlàkọ́ bá ti kà sílẹ̀ ni ó ń wá.

Ní ọjọ́ kan, Ṣàlàkọ́ sọ fún un pé, "Wọn yóò béèrè ilé rẹ o. Èyí ju aṣọ òtútù lọ."

"Wọn ìbáà béèrè, Bàbá. Ẹnu mi ò kúkú yadi. Màá sọ fún wọn."

"Kì í ṣe ìwọ ni wọn yóò bi," ni Ṣàlàkọ́ wí. Ṣùgbọ́n kíjìpá ni Dúrójayé ń wọ̀n mọ́ra lásìkò náà, ó ń wò ó bóyá yóò dé kókósẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde.

Nǹkan mìíràn ló ń bà á lẹ́rù. Ilé gan-an ni. Ọmọ agbo ilé kejì kan, Ògúndélé, ti lọ sí Kúndúrà rí. Kò tíì mọ ojú ìwé dáadáa tí ilé fi ránṣẹ́ pè é pé bàbá àgbà kú, àfi kó wá sìnkú. Ó wá, ó padà lọ. Wọ́n tún ránṣẹ́: oyè ìdílé ń bọ̀ wá kàn wọ́n, àgbà ọmọ kì í sí níbòmíràn. Ó tún wá. Níkẹyìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e lọ mọ́. Ebè ló ń kọ báyìí, ohun tó kọ́ kò sì tó ohun tí a fi ń tan ọmọdé. Bí Dúrójayé bá rí i lọ́nà oko, àyà rẹ̀ á já.

Tirẹ̀ náà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò tíì di ẹrù tán tí Baálé Látúndé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, fi pè é jókòó. "Bí o bá débẹ̀, o ó máa fi aṣọ ránṣẹ́ sí wa. Ọmọ mi yóò wá bá ọ bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti ranlẹ̀. Bí iṣu tuntun bá sì ti ń jáde, wá jẹ ẹ́ nílé. A kì í fi ojú àgbà gbolẹ̀." Dúrójayé ń dọ̀bálẹ̀, ó ń ní "Ẹ ṣé, Bàbá." Ṣùgbọ́n ó ń rí ara rẹ̀ lọ́kàn pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, Ògúndélé kejì.

Ní Àgbẹ̀nlà nígbà náà, ẹni tó bá ń lọ sí àjò kì í ká ẹní rẹ̀. Ó máa ń fi í sílẹ̀ ní títẹ́ nínú yàrá, wọn á máa gbálẹ̀ yí i ká, bí baálé bá sì ń súre láàárọ̀, á pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó wà nílé. Ẹní òkú nìkan ni wọ́n ń ká, tí wọ́n ń gbé lọ sọ nù sórí ààtàn. Bí ẹní bá ti dé ààtàn, ó parí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ẹni tó ni ín mọ́ alààyè mọ́, torí wọ́n gbà pé bí a bá ka òkú mọ́ alààyè, ikú á wá mú alààyè kan kí iye lè pé. Ọmọ tuntun ni wọ́n ní ó sì máa ń kọ́kọ́ mú.

Dúrójayé mọ gbogbo èyí. Ó mọ̀ ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ gbéra, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ó ká ẹní rẹ̀, ó gbé e léjìká, ó gba àárín agbo ilé kọjá lójú gbogbo ènìyàn, ó sì sọ ọ́ sórí ààtàn.

Àwẹ̀ró kígbe, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Yéè! Dúró, ta ló bú ọ? Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ̀yin kọ́, Ìyá mi. Ẹ má sunkún. Mo fẹ́ kọ́ ohun tí mo ń lọ kọ́ dópin ni. Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé n kò sí, wọn ò ní máa pè mí. Bí mo bá parí rẹ̀, màá wá."

"Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún ọ? Ọmọ mi, òkú kì í padà wọlé!"

Ìbídùn, tí oyún inú rẹ̀ ti ga, fẹ́ sáré lọ mú ẹní náà wá. Baálé Látúndé na ọ̀pá dí i lọ́nà. "Fi í sílẹ̀. Ohun tó bá ti kan ààtàn, a kì í mú un wọlé. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é." Ó yí padà, ó wọlé. Dúrójayé gbé ẹrù rẹ̀, ó tẹ̀lé àwọn alájàpá. Ọ̀nà jìn kí ẹkún ìyá rẹ̀ tó kúrò létí rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó rò pé òun ti gbọ́n.

Ní Kúndúrà, ìwé wọ̀ ọ́ lórí. Wọ́n ń fi eegun ẹran kọ́ wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì dùn ún wò débi pé àgbà olùkọ́ máa ń pe àwọn yòókù pé kí wọ́n wá wo bó ṣe ń dì í. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pè é. Inú rẹ̀ ń dùn. Ọ̀rẹ́ kan tó ní níbẹ̀, Ẹ̀ṣúbíyì, tí ìlú wọn kò jìnnà sí Àgbẹ̀nlà, ló bi í ní ọ̀sán ọjọ́ kan pé, "Kí lo rò pé wọn yóò fi rán ìránṣẹ́ sí ọ láti ilé yín?"

"Ìránṣẹ́ wo?"

Ẹ̀ṣúbíyì rẹ́rìn-ín. "O ò tíì mọ̀? Wọ́n ń gbà wá síbí fún ìgbà díẹ̀ ni o. Lẹ́yìn náà, wọ́n á rán ènìyàn lọ sílé olúkúlùkù láti béèrè bóyá wọ́n ní ọmọ kan ní Kúndúrà. Bí wọ́n bá ní àwọn ní, wọ́n á fi nǹkan ilé rán an, ó ti tán. Irú ni ìyá mi fi rán wọn! Ó rùn láti ilé wa dé ibí. Àwọn olùkọ́ ń fi aṣọ bo imú, síbẹ̀ wọ́n tẹ́ ìjókòó fún mi."

"Bí wọ́n bá ní àwọn kò ní ńkọ́?"

"Ta ni yóò wí bẹ́ẹ̀ sí ọmọ rẹ̀?" Ẹ̀ṣúbíyì rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà kú. "Àjèjì kan ló ṣe ọṣẹ́ níbí rí, tí wọn ò rí ẹni dáhùn fún un. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò nílé jókòó láàárín ọmọ onílé. Wọn ò sì lè lé e sínú iyanrìn kó kú. Omi ni wọ́n ń ní kó máa pọn."

Dúrójayé sáré dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní ìránṣẹ́ tó ń lọ sí ìhà tiwọn ti bá àwọn alájàpá lọ ó pẹ́.

Nígbà tí ìránṣẹ́ dé, wọ́n kó gbogbo wọn jọ sí àgbàlá. Ó ń pe ilé kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé ohun tí wọ́n fi rán an sókè: abẹ̀bẹ̀, aṣọ, ìgbákọ, ẹ̀pà díẹ̀ nínú ewé. Nígbà tó kan Àgbẹ̀nlà, kò gbé nǹkan kan.

"Mo dé agbo ilé Látúndé," ni ó wí. "Mo bi wọ́n pé, ṣé ẹ ní ọmọ kan ní Kúndúrà? Baálé wọn ní, 'A ní in tẹ́lẹ̀. Ẹní rẹ̀ ti wà lórí ààtàn.' Mo ní èyí kò yé mi, ṣé ẹ ní, àbí ẹ ò ní? Obìnrin kan bá dìde. Ó gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́. Ó lanu. Baálé kò bá a jà, ó kàn nawọ́ sí ọmọ náà pé, 'Àwẹ̀ró, wo ọmọ Ìbídùn kí o tó sọ̀rọ̀.' Ó wo ọmọ náà títí, omi ń dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó panu dé, ó jókòó."

"Ìyá mi nìyẹn!" ni Dúrójayé ké. "Ìyá tó bí mi ni!"

"Ṣé ó pè ọ́ lọ́mọ?" ni àgbà olùkọ́ béèrè. Ojú rẹ̀ kò le, ó dà bí ẹni pé ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rí nǹkan sọ. Ta ni Dúrójayé yóò bínú sí? Ìyá tó ti sin ọmọ ṣáájú rẹ̀, ṣé òun ni yóò ní kó fi ọmọ-ọmọ ta tẹ́tẹ́?

Wọ́n mú un kúrò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́nu ọ̀nà, àpò awọ ńlá kan wà tí wọ́n fi ń fa omi láti inú kànga jíjìn, tí okùn rẹ̀ máa ń jẹ ènìyàn léjìká dé eegun. Àpò ìyà ni àwọn tó ti gbé e rí ń pè é. Wọ́n gbé e fún un, ó sọ ọ́ kọ́ èjìká. Ọdún ń gorí ọdún. Á gbé omi kọjá lẹ́bàá fèrèsé, á gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka orúkọ eegun fún àwọn ọmọ tuntun, ẹnu rẹ̀ á máa kà á pẹ̀lú wọn, kò sì ní dúró, torí wọ́n ń retí omi.

Ṣàlàkọ́ ti di arúgbó kó tó tún gba Kúndúrà kọjá. Ó bu omi mu lọ́wọ́ apọnmi kan, ó wò ó lójú, ó tún wò ó. "Háà! Ṣé kì í ṣe Dúrójayé nìyí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ìyá mi ńkọ́?"

Ṣàlàkọ́ dojú kọ ilẹ̀, ó ń tú okùn ẹrù tí kò fẹ́ tú. "Ó ti sùn, ọmọ mi. Ó pẹ́ díẹ̀."

"Ta ló sin ín?"

"Ìbídùn ni."

Dúrójayé ò sunkún. Ó ti sá kí wọ́n má baà ránṣẹ́ ìsìnkú sí òun, wọn ò sì ránṣẹ́. Ṣàlàkọ́ rí èjìká rẹ̀ níbi tí okùn ti gé e, ó bi í pé kí ló dé tó fi rí báyìí. Dúrójayé ní, "Bàbá, ilé ni mo sọ nù. Àpò ìyà ni mo sọ kọ́." Ó gbé omi rẹ̀, ó ń lọ.

Ṣàlàkọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ó sọ ọ́ fún àwọn ará Àgbẹ̀nlà. Láti ìgbà náà, bí àgbà bá rí ọmọ tó ń di ẹrù ọ̀nà jíjìn, tí ilé ti ń sú u, òwe tí wọ́n ń pa fún un kò ju ẹyọ kan lọ: Ẹni tó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́.