Bí Wọ́n Ṣe Gbin Àwẹ̀ró sí Ojú Ààlà

Èmi kò mọ nǹkan kan o. Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ níta pé mo ní mo mọ ìtàn. Ọgbọ̀n ọdún péré ni mo fi ń gbá ojúbọ yìí. Àwọn onímọ̀ wà láàfin, àwọn tí wọ́n lè ka orúkọ gbogbo ọba tó ti jẹ láìmí, tí wọn kò sì mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí àwọn ọba náà pa. Ìwọ̀nba tí ìyá tó bí ìyá mi sọ fún mi ni n ó sọ fún yín. Ẹ dúró gbọ́ ọ, nítorí a kì í jókòó níwájú Yèyé Aláàlà. Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń ro, kó fara ti igi.

Láyé àtijọ́, nígbà tí odò Ẹkàn ṣì ń ṣàn kọjá níwájú ààfin, tí ẹkùn sì ń wá mumi níbi tí ẹ ti ń fọ aṣọ lónìí, obìnrin kan wà ní ìlú yìí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bímọ, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ fi oko ọ̀pẹ kan sílẹ̀ fún un, oko tó gbòòrò débi pé ẹyẹ tó bá gbéra ní ìpẹ̀kun kan yóò bà sinmi kó tó dé ìkejì. Epo oko náà ni Àwẹ̀ró fi ń bọ́ àwọn ọmọ òrukàn, àwọn adẹ́tẹ̀ tí ará ilé wọn ti lé jáde, àti àlejò tí kò mọ ilé ẹnì kan. Gbogbo ìlú ni ó ń yìn ín. Wọn kì í bá a fún epo, wọn kì í bá a ru ẹyìn, ṣùgbọ́n ní ti ìyìn, ọwọ́ wọn kò dilẹ̀.

Òfin ìlú sì ni pé ohun tí ẹni tí kò bímọ bá kú fi sílẹ̀, ti ọba ni. Àwẹ̀ró mọ̀ pé ọjọ́ tí òun bá kú, ààfin ni oko òun ń lọ, àwọn tí òun ń bọ́ yóò sì wọ igbó lọ kú bí ẹran. Nítorí náà, ó fi oko náà tọrẹ fún òrìṣà odò Ẹkàn lójú ayé rẹ̀, nítorí òrìṣà kì í kú kí ọba wá jogún rẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń dáàbò bo ọrẹ òrìṣà nígbà náà, torí pé àwọn bàbá wa mọ ara wọn dáadáa, wọ́n mọ̀ pé olè ni àwọn. Wọ́n gbẹ́ kòtò tó jìn dé ọrùn sí orí ààlà, wọ́n da èédú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí èédú kì í jẹrà; bí ọgọ́rùn-ún ọdún bá kọjá, ẹni tó bá gbẹ́ ibẹ̀ yóò bá ẹlẹ́rìí. Wọ́n bo kòtò, wọ́n gbin pèrègún lé e lórí. Àwẹ̀ró ta omi tútù sílẹ̀. Ọba Adélẹ́rù fúnra rẹ̀, ọba tí inú rẹ̀ kì í pẹ́ gbóná, tó sì máa ń pẹ́ kó tó tútù, pa obì, ó jẹ ẹ́, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ gégùn-ún: “Ọwọ́ tó bá fa pèrègún yìí tu, kó má lè bu òkèlè dé ẹnu mọ́, ìbáà ṣe ọwọ́ èmi ọba.” Obì náà dùn. Wọ́n ní ó tún mú awẹ́ kan sí i.

Ọdún méje kọjá. Àwọn ọmọ ọba dá ẹmu lára ọ̀pẹ ààfin títí ọ̀pẹ fi kú dànù, ojú ọba wá ń wo òdìkejì ààlà.

Ọ̀tún, tó jẹ́ igbákejì ọba nínú ìgbìmọ̀, rọra sọ̀rọ̀: “Kábíyèsí, ègún ń bẹ níbẹ̀ o.”

“Ta ló gé e?”

“Ẹ̀yin ni, Kábíyèsí.”

“Ṣé ẹni tó ni ajá ni kò ní mọ bí a ti ń dè é? Ọwọ́ ni mo gégùn-ún fún. Ta ló gbọ́ ẹṣin lẹ́nu mi?”

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ń bọ́. Iṣẹ́ tí a fi wọ́n joyè fún náà nìyẹn.

Nígbà tí oòrùn là, wọ́n so okùn mọ́ ẹṣin mẹ́jọ, ẹṣin sì fa pèrègún tu. Ọba ní kí wọ́n gbẹ́ èédú náà jáde pẹ̀lú, kí ọ̀rọ̀ má ní ẹlẹ́rìí lọ́la. Wọ́n gbẹ́ kòtò náà dé ọrùn, èédú yọjú. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró bá wọn, tòun tàwọn adẹ́tẹ̀ àti ọmọ òrukàn lẹ́yìn rẹ̀.  Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, ó sì dúró lórí èédú.

Ọba ní, “Àwẹ̀ró, jáde.”

“Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Bí ẹ bá fẹ́ kó ẹlẹ́rìí, ẹ kó mi mọ́ ọn.”

“Kúnlẹ̀ kí o bẹ̀ mí, n ó fi ọ̀pẹ mẹ́wàá sílẹ̀ fún ọ.”

“Mẹ́wàá nínú ohun tí kì í ṣe tèmi mọ́, tí kì í sì í ṣe tiyín? Ẹ lọ bẹ òrìṣà.”

Àwòrò odò Ẹkàn, tó ti ń lá epo oko náà fún ọdún méje, wà níbẹ̀. Àwẹ̀ró wò ó. Àwòrò gbójú sókè bí ẹni tó ń wo òjò. Obìnrin adẹ́tẹ̀ kan ké sí i: “Àwòrò, ṣé òkè ni òrìṣà yín kó lọ ni? A ṣáà ní inú odò ló ń gbé!” Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọba wò wọ́n, ẹ̀rín gbẹ.

“Ẹ bò ó.”

Ẹnikẹ́ni kò mira. Ọba ní ilé tí kò bá da ọkọ́ erùpẹ̀ kan, òun yóò tú ilé náà ká. Ẹni àkọ́kọ́ wá bu díẹ̀ bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹnì kejì wo ẹni àkọ́kọ́. Ọkọ́ kan péré ni ilé kọ̀ọ̀kan dà, kí ẹnikẹ́ni má baà lè sọ pé òun ni ó pa á. Wọ́n tilẹ̀ ń tọrọ àforíjì: “Ẹ má bínú, ìyá wa,” wọn a dà á, wọn a nu ọwọ́. Àwọn bàbá wa ní ẹ̀kọ́ ilé, àbí?

Nígbà tí erùpẹ̀ dé àgbọ̀n rẹ̀, ọba rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ rí i, n kò tu pèrègún. Mo tún un gbìn ni.”

Àwẹ̀ró dáhùn, “Ohun tí a bá gbìn, Kábíyèsí, híhù ní í hù.”

Ilé tó kù da tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, pèrègún hù níbẹ̀, ó ga tó obìnrin, ó nàró gbọnrangandan. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọba bu òkèlè tí ọwọ́ rẹ̀ dúró láyà, kò gòkè mọ́. Àwọn olorì ń fi òkèlè sí i lẹ́nu. Bí ó bá ti kan ahọ́n rẹ̀, á di erùpẹ̀. Ebi pa á kú láàárín iṣu tuntun. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò láti ilé dé ilé, ní bí wọ́n ṣe tò da erùpẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìlú sáré dé ìdí pèrègún pẹ̀lú màlúù. Yèyé, Àwẹ̀ró tó ti di òrìṣà, gun obìnrin adẹ́tẹ̀ yẹn, ó gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀: “Ta ló bèèrè màlúù lọ́wọ́ yín? Ẹ dá oko padà.” Wọ́n dá a padà. Ọwọ́ sì nà.

Yèyé Aláàlà, adúró-má-kúnlẹ̀,
èédú abẹ́ ilẹ̀ tí òjò ò lè pa láwọ̀ dà,
wọ́n bò ọ́ mọ́lẹ̀, o yọ lójú wọn.

Ìdí nìyí tí obìnrin kì í fi í kúnlẹ̀ níbí, tí ẹṣin kì í fi í gba ọ̀nà yìí kọjá. Omi tútù àti ìgbín ni a fi ń bọ ọ́. Epo kì í kan ojúbọ rẹ̀, ẹnu ọmọ òrukàn ni ojúbọ epo. Ẹni tó bá sì fẹ́ tọrẹ fún un, inú kòtò tó dé ọrùn ni yóò dúró sọ ọ́.

Ní ọdọọdún, ilé kọ̀ọ̀kan ń gbé igbá erùpẹ̀ kan wá, a dúró tì í, a ó sì gbé e padà sílé láìdà á, nítorí lọ́jọ́ tí wọ́n bo Àwẹ̀ró, kò sí ẹni tó gbé tirẹ̀ padà. Mo ti ń wò yín láti àárọ̀, bí ẹ ti ń fi igbá fínfín ṣe fáàrí síra yín. Ó dáa. Bí ọba tó wà lórí oyè bá dìde nísinsìnyí, tó ní kí ẹ dà á, ta ni nínú yín tí yóò gbé tirẹ̀ padà sílé?