Àpò Òwú Ọ̀kẹ́rẹ́

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí, ẹni tó ń fi òwú hun aṣọ ọmọdé.

Bí oṣù bá ti lé, á kéde lórí igi. Lóṣù kìíní, ó ní fìlà mẹ́wàá lòun máa hun. Etí fìlà kan ló hun. Lóṣù kejì, ó ní súwẹ́tà márùn-ún. Apá kan ló hun. Lóṣù kẹta, àbúrò rẹ̀ bímọ lókè odò nígbà ọyẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pé òtútù ń mú ọmọ, kó tètè mú fìlà bọ̀.

Ìgbín ní, “Ọ̀rẹ́ mi, mú òwú kan ṣoṣo, kí o máa hun ún nínú ọkọ̀.”

“Bí àwọ̀ rẹ̀ bá sú mi lójú odò ńkọ́?”

Ẹ bá mi gbè é:
Ṣé pupa ni kí n mú?
*Kó gbogbo ẹ̀!*
Ṣé funfun ni kí n mú?
*Kó gbogbo ẹ̀!*

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń ṣa òwú nínú ọkọ̀.

Bó ti gúnlẹ̀, àbúrò rẹ̀ bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, fìlà dà?”

Ọ̀kẹ́rẹ́ tú àpò, òwú nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọ sín. Ìyá rẹ̀ ki ọmọ bọ inú àpò náà títí dé ọrùn. Ara ọmọ móoru, ó sùn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. “Ẹ wò ó, ó bá a mu rẹ́gí! Lóṣù tó ń bọ̀, méjìlá ni màá hun.”

Ibi tí ààlọ́ mi sùn sí nìyẹn.