Iyọ̀ Inú Ọbẹ̀ Ìyá Fadérera

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí; tó bá dénú rẹ̀, á di odidi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ Ìyá Fadérera, olóúnjẹ tí gbogbo ìlú wa fẹ́ràn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ń gbọ̀n bó ṣe ń bu ìrẹsì. Ẹ̀rù bà wá, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́?

Télọ̀ àgbà kan rọra ní, "Ìyá Fadé, ṣé iyọ̀ ti wọ́pọ̀ lọ́jà ni?"

"Bàbá, ẹ jẹun jàre, àpárá yín pọ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó wo oúnjẹ tó ṣì kún àwo wa, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó tún tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ yí pa dà.

"Iyọ̀ ò hàn lẹ́nu mi rárá. Ẹ bá mi wá ọkọ̀, kí n tètè dé ọsibítù."