Ẹsẹ̀ Sùlè, Aago Oyèníran

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni Oyèníran fẹ́ fi wo ara tirẹ̀ sàn. Dókítà ní kó máa gun kẹ̀kẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí òun àti Wúràọlá aya rẹ̀ lọ ra aago tí yóò máa ṣọ́ ọ, Oyèníran aláfẹ́ kọ èyí tó ń ka lílù ọkàn nìkan. Èyí tó tún ń ya gbogbo ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ bá gbà sórí fóònù ló mú.

Kò pẹ́ tí itan bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ló bá bẹ Sùlè, tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta búrẹ́dì, pé kó máa bá òun so aago náà mọ́wọ́ láràárọ̀. Oyèníran fúnra rẹ̀ a wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, a máa jẹ búrẹ́dì.

Inú Wúràọlá ń dùn, àfi ọjọ́ tó fara balẹ̀ wo fóònù.

“Bàbá Gbénró, kí lẹ máa ń dúró ṣe nílé Àṣàkẹ́ opó, tí àyà yín fi ń lù kì-kì-kì bẹ́ẹ̀?”

Òógùn bo Oyèníran. “Kì í ṣe èmi! Sùlè ló ń fẹ́ Àṣàkẹ́!”

“Ṣé ọwọ́ Sùlè ni aago yín wà ni?”

Ó jẹ́wọ́. Wúràọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ so aago mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fi gbogbo ìdí ńlá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

“Olówó orí mi, òkè yẹn ni ká gbà.”